Ṣé kí ọmọ mi fi iṣẹ́ òṣèré sílẹ̀? Ìdáhùn sí ìyá kan láti Ìbàdàn

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọmọbìnrin mi kẹ́kọ̀ọ́ eré ṣíṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti pé ọdún méje tó ti jáde. Gbogbo ohun tí wọ́n ń fún un ṣe kò ju nọ́ọ̀sì lọ, tàbí ìyá ọmọ tí wọ́n gún lọ́bẹ, tàbí ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Nígbà míì, oṣù mẹ́rin á kọjá láìsí iṣẹ́ kankan, ṣọ́ọ̀bù aṣọ ló fi ń jẹun. Ó dúdú dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọ̀ rẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́, ó sì ní kó pa orúkọ Yorùbá rẹ̀ tì. Bí mo bá ní kó wá nǹkan mìíràn ṣe, á ní kí n wo Viola Davis, òṣèrébìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà, pé ó ti lé lógójì ọdún kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Ní báyìí ó fẹ́ kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ṣé òótọ́ ni ohun tó ń sọ fún mi? Ṣé kí n ní kó padà wálé wá ṣe Nollywood ni, àbí kó kúkú lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gidi?"

Mọ̀mọ́, ẹ kú làálàá ọmọ. Mo ka lẹ́tà yín lákàtúnkà, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló lọ́ mọ́ra nínú rẹ̀: àwọ̀, orúkọ, Viola Davis, Amẹ́ríkà. Ìdí gbogbo wọn kò ju ẹyọ kan lọ. Ọjọ́ orí ọmọ ń lọ, ẹ kò sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ ló ń ṣe tàbí àlá ló ń lá. Iṣẹ́ yíyan òṣèré sí ipa ni mo fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, l'Ékòó àti ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré ṣíṣe títí di òní, nítorí náà mo lè sọ bí nǹkan ṣe ń lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ọmọ yín ń kàn. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí i kó ṣeré rí. Bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe, bóyá kò mọ̀ ọ́n ṣe, lẹ́tà yín kò lè sọ ìyẹn fún mi, kò sì sí ìmọ̀ràn mi kankan tó lè dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí Viola Davis bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ọmọ yín fẹ̀yìn tì. Ohun tó sọ fún yín kì í ṣe irọ́. Ọdún 1965 ni wọ́n bí obìnrin náà ní South Carolina, inú ìṣẹ́ paraku ló sì dàgbà sí ní Central Falls, ìlú kékeré kan ní Rhode Island. Ọdún 2008 tí fíìmù Doubt jáde ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè pé ta nìyí, ó sì ti pé ẹni ọdún 43 nígbà náà. Ẹ wá wo bí ipa yẹn ṣe kéré tó. Ìyá ọmọdékùnrin kan ló ṣe. Òun àti Meryl Streep, gbajúmọ̀ òṣèré, jọ ń rìn lójú títì nínú òtútù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà, ìyá ń bẹ̀bẹ̀, ó tún ń bínú, omi ojú ń dà, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, kò sì nù ún. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Torí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe dárúkọ rẹ̀ fún Oscar.

Ibi tí ọmọ yín ti fo ojú ewé ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 2008. Viola Davis kò jókòó de ẹnikẹ́ni. Ó gboyè nínú eré orí ìtàgé ní Rhode Island College lọ́dún 1988, ó tún lo ọdún mẹ́rin ní iléèwé eré Juilliard ní Niu Yọ́ọ̀kì, ó sì jáde níbẹ̀ lọ́dún 1993. Nígbà tó di 1996, ó ti wà lórí ìtàgé Broadway nínú Seven Guitars, eré tí August Wilson kọ, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ Tony. Ní 2001, ó gba Tony ọ̀hún nínú eré August Wilson mìíràn, King Hedley II. Àwọn tó ń wo eré orí ìtàgé ní Niu Yọ́ọ̀kì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́. Àwa tá a jókòó ti tẹlifíṣàn ni kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1996 yẹn kan náà ni fíìmù àkọ́kọ́ tó ti fara hàn jáde, The Substance of Fire. Ẹ mọ ohun tó ṣe níbẹ̀? Nọ́ọ̀sì. Ó gbé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sínú ìgò lé ẹnì kan lọ́wọ́, iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n san dọ́là 528 fún un, ó sì fi iṣẹ́ yẹn gba káàdì ẹgbẹ́ òṣèré. Ó tún ṣe nọ́ọ̀sì nínú eré tẹlifíṣàn City of Angels ní 2000. Ó ṣe agbẹjọ́rò tó máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú Law & Order: Special Victims Unit. Ó ṣe ìyá tó pa ọmọ tì nínú Antwone Fisher ní 2002, ìyá tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lanu rárá, tó jẹ́ pé ojú ló fi sọ gbogbo ohun tó ní í sọ.

Ẹ rí i báyìí pé ipa nọ́ọ̀sì kọ́ ni ìṣòro. Nígbà tí sinimá ń fún Viola ní ìgò ẹ̀jẹ̀ gbé, ìtàgé ń fún un ní odidi èèyàn ṣe, èèyàn tó ní ọkọ, tó ní ìbínú, tó ní ohun tó ń wá láyé. Ibẹ̀ ni apá rẹ̀ ti le. Nígbà tí ìṣẹ́jú díẹ̀ ti Doubt dé, kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú agbára rẹ̀ wò. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá tún ní kí ẹ wo Viola Davis, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ibo ni òun náà ti ń ṣe odidi èèyàn lọ́wọ́lọ́wọ́. Bó bá ní ibì kankan láti tọ́ka sí, ì báà jẹ́ yàrá lókè ilé ọtí kan tí èèyàn ogójì jókòó sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí. Bí kò bá ní, ọjọ́ orí nìkan ni òun àti Viola fi jọra.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń fa ipa nọ́ọ̀sì yìí. Ìwé kan wà tó máa ń dé ọ̀dọ̀ àwa tá à ń yan òṣèré ká tó pe ẹnikẹ́ni sí ọ́díṣọ̀n. Gbogbo ipa inú eré ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ olórí eré, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹni tó fẹ́ràn, ohun tó ń fi pa mọ́. Ó lè gba ìpínrọ̀ méjì. Tó bá di ìsàlẹ̀ ìwé, ẹ ó rí i báyìí: "Nọ́ọ̀sì Kejì. Ọgbọ̀n ọdún sí àádọ́ta. Aláàánú." Kò lórúkọ. Kò nílé, kò lọ́nà, kò ní ohun tó ń wá. Ìsàlẹ̀ ìwé yẹn ni wọ́n ti sábà máa ń rántí pé ó yẹ kí èèyàn dúdú wà nínú eré. Lókè lọ́hùn-ún, bí òǹkọ̀wé kò bá sọ àwọ̀ ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, òyìnbó ni àwọn tó yí tábìlì ká máa ń rí lọ́kàn wọn. Mo ti jókòó nídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó lé ẹnikẹ́ni. Wọn kò kàn rántí ni. Ohun tí Viola Davis náà sọ nìyẹn lọ́dún 2015, nígbà tó di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gba Emmy, àmì ẹ̀yẹ tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, fún olórí òṣèrébìnrin nínú eré àtìgbàdégbà tí kì í ṣe ti àwàdà: pé àǹfààní nìkan ló yà àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ sí àwọn yòókù, àti pé kò sẹ́ni tó lè gba àmì ẹ̀yẹ lórí ipa tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ wo bí ipa ọ̀hún ṣe wọ́n tó. Láti 1974 tí Teresa Graves ti ṣe olórí Get Christie Love!, ó tó 2012 kí obìnrin dúdú tó tún jẹ́ olórí irú eré bẹ́ẹ̀ lórí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ńlá Amẹ́ríkà, ìyẹn Kerry Washington nínú Scandal. Obìnrin dúdú ló dá Scandal sílẹ̀, Shonda Rhimes, iléeṣẹ́ rẹ̀ náà ló sì gbé How to Get Away with Murder jáde ní 2014, tí Viola ti di olórí eré ní ẹni ọdún 49. Ní ti Oscar, láti 1929 tí wọ́n ti ń pín in, Halle Berry nìkan ni obìnrin dúdú tó tíì gba ti olórí òṣèrébìnrin, ní 2002. Oscar tí Viola gbà ní 2017 nítorí Fences, ti òṣèré amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Nítorí náà, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń pa ìtàn rẹ̀ bíi pé sùúrù ló gbé e dé ibẹ̀, inú máa ń bí mi díẹ̀. Àwọn obìnrin dúdú tó ní sùúrù pọ̀ lọ jàra tí a kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Ẹni tó ní gègé lọ́wọ́ àti ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ló yí padà.

Viola fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2011, òun àti ọkọ rẹ̀, Julius Tennon, dá iléeṣẹ́ JuVee Productions sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti wà lára àwọn tó gbé The Woman King jáde ní 2022, fíìmù tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ọ̀gágun obìnrin ilẹ̀ Dahomey, ní ọjọ́ orí tí wọ́n máa ń fi obìnrin ṣe ìyá-ìyá ẹni. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi gbé ìtàn yẹn káàkiri kí ẹnikẹ́ni tó gbà láti náwó sí i. Ìgbà tí Black Panther, fíìmù tí èèyàn dúdú pọ̀ jù nínú rẹ̀, pa owó rẹpẹtẹ ní 2018 ni ọ̀nà là. Ìnáwó The Woman King tó nǹkan bí mílíọ̀nù 50 dọ́là, ó sì pa tó mílíọ̀nù 97 káàkiri ayé, síbẹ̀ wọn kò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún Oscar. Èmi ọmọ Yorùbá kò gbádùn bí wọ́n ṣe fi àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe ọ̀dájú níbẹ̀, tí wọ́n wá ń fi ojú àánú wo Dahomey tí òun náà ń ta ẹrú bí ẹni ta iṣu. Ìjà yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ dìgbà míì. Ohun tó kan ọmọ yín níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó kọ ipa yẹn fún Viola láìjẹ́ pé òun náà wà nídìí tábìlì.

Ṣé ìtìjú wá ni kéèyàn máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ àti agbálẹ̀ nínú fíìmù? Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí kò fẹnu kò lórí ẹ̀. Hattie McDaniel gbà á. Ipa ọmọ ọ̀dọ̀ ló fi di èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar ní 1940, lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an wọ́n sì fi òun jókòó sí tábìlì kékeré lọ́tọ̀, kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ṣe fíìmù. Títí tó fi kú ní 1952, ipa ọmọ ọ̀dọ̀ kò fi í sílẹ̀. Cicely Tyson kọ̀ ọ́ ní tirẹ̀. Ó máa ń dá ìwé eré padà bí kò bá fi ọ̀wọ̀ hàn fún obìnrin dúdú, èyí sì ná an ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí kò ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe The Autobiography of Miss Jane Pittman lórí tẹlifíṣàn ní 1974, ọmọbìnrin kékeré kan ń wò ó ní Central Falls, ó sì pinnu pé iṣẹ́ tí òun máa ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn ogójì ọdún, Tyson ṣe ìyá ọmọbìnrin náà nínú How to Get Away with Murder, ó jókòó tì í, ó ń ya irun rẹ̀. Viola fúnra rẹ̀ ti gba ọ̀nà méjèèjì. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú The Help ní 2011, wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Oscar, ní 2018 ó sì sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ rẹ̀, torí ohùn àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn gan-an kọ́ ni fíìmù náà jẹ́ ká gbọ́. Ní tèmi, n kò ní dá ẹni tó nílò owó iléegbèé lẹ́bi. Mo kàn máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ pé bí wọ́n bá ti ṣe ipa kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n mọ̀ pé àwa tá à ń yan òṣèré ti kọ orúkọ wọn mọ́ ọn, yóò sì nira láti pa á rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́ pátápátá lórí àwọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin òyìnbó kan lórí káàdì ni Kodak fi ń pín fún àwọn tó ń fọ fọ́tò kí wọ́n lè fi díwọ̀n àwọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti dára, ó parí. Ojú tèmi tìrẹ á wá dà bí òkùnkùn tó ní eyín. Kámẹ́rà ìsinsìnyí ti sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹni tó ń tan iná sí òṣèré gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọ̀ dúdú ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ó ń fẹ́ òróró díẹ̀ lójú àti iná tó ti ẹ̀gbẹ́ wá, kò fẹ́ iná gbáàgbáà níwájú. Irun tún ńkọ́? Mo ti rí òṣèré tó di irun rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti òru, tó sì gbé àtíkè tirẹ̀ dání wá sí lokéṣọ̀n, torí ó mọ̀ pé kò sẹ́ni níbẹ̀ tó ní èyí tó bá òun mu. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ débi pé ó wọ inú àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣèré Amẹ́ríkà ṣe lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì 2023. Ní 2014, ìwé ìròyìn ńlá kan ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé ẹwà Viola kò tó bí wọ́n ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Ní ìgbà kan náà yẹn ló jókòó síwájú dígí nínú eré rẹ̀, ó bọ́ wíìgì, ó yọ ìpéǹpéjú àtọwọ́dá, ó nu àtíkè nù, ó sì jẹ́ kí kámẹ́rà wo òun bẹ́ẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n ṣe é. Àwọn èèyàn ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ nípa ìran yẹn dòní. Nítorí náà, àwọ̀ ń dí ọ̀nà, àmọ́ kò dí i pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìpara tó ń bó àwọ̀ ránṣẹ́ sí i. Àwọ̀ bíbó kì í fún èèyàn ní ipa, ó máa ń ba iṣẹ́ àwọn atànmọ́lẹ̀ jẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà wá kàn. Ó ní ìdí tí àwọn òṣèrébìnrin dúdú fi ń sá kúrò ní Ìlú Ọba. Marianne Jean-Baptiste ni obìnrin dúdú ará Bìrìtéènì àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ fún Oscar òṣèré, ní 1997, nítorí Secrets & Lies. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ òṣèré Bìrìtéènì lọ ṣe fáàrí ní Cannes, wọn kò sì pè é. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ṣe Without a Trace lórí tẹlifíṣàn láti 2002 títí dé 2009. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ fún Oscar kó tó wọkọ̀ òfúrufú. Bákan náà ni Wunmi Mosaku, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Zaria, tó dàgbà ní Manchester. Ó jáde ní RADA, iléèwé eré ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 2007, ó ṣiṣẹ́ ní Bìrìtéènì fún ọdún mẹ́wàá, ó gba BAFTA, àmì ẹ̀yẹ Bìrìtéènì, ní 2017 fún ipa ìyá Damilola Taylor, ìyá ọmọ tí wọ́n gún gan-an nìyẹn, kí eré Amẹ́ríkà Lovecraft Country tó dé ní 2020, kí Loki tó tẹ̀ lé e ní 2021, kí Sinners tó wá jáde ní 2025. Ó gbé nǹkan dání lọ. Físà tí òṣèré fi ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní O-1, ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè fún un: àmì ẹ̀yẹ, ohun tí àwọn ìwé ìròyìn kọ nípa rẹ, lẹ́tà àwọn àgbà iṣẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò tẹ́lẹ̀ ni pé físà yẹn kò gbà kó lọ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Iṣẹ́ eré nìkan ló lè fi jẹun níbẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ń jà raburabu: ní 2023, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèré gbọ́dọ̀ pa tó dọ́là 26,470 lọ́dún kó tó ní ẹ̀tọ́ sí adójútòfò ìlera, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò sì pa tó bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ yín bá lọ báyìí, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì àti agbálẹ̀ nínú àpamọ́wọ́, mo rò pé owó ló máa fi ṣòfò.

Kó padà wálé ńkọ́? Àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, wọn kò sì jìyà. Taiwo Ajai-Lycett bẹ̀rẹ̀ lórí ìtàgé Royal Court ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966, Joke Silva kẹ́kọ̀ọ́ eré ní Webber Douglas níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló padà wá di òpó nílé. Nílé, kò sẹ́ni tó máa fi í ṣe Nọ́ọ̀sì Kejì torí àwọ̀. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí Kemi Adetiba fi í ṣe Ẹniọlá Salami, olórí eré, nínú King of Boys ní 2018, bóyá ni òyìnbó kankan lè rò pé kí obìnrin ọjọ́ orí yẹn máa yí gbogbo fíìmù po. Funke Akindele tí a mọ̀ láti ìgbà I Need to Know, tó wá fi Jenifa dáṣà ní 2008, ló kọ́kọ́ gbé fíìmù Nollywood tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ jáde, A Tribe Called Judah, ní ìparí 2023. Tirẹ̀ ni iléeṣẹ́, tirẹ̀ ni ìtàn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yín má wá bí ẹni tó ń wá ṣe àánú fún wa. Àwọn tó wà nílé ti lo ogún ọdún kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n dé, èyí tó pọ̀ nínú àwọn òṣèré Yorùbá ló wà lábẹ́ ọ̀gá nínú gúrúùpù, tó bá ọ̀gá gbé báàgì lọ sí lokéṣọ̀n. Wọ́n á wo ẹni tó ń tẹ̀ lé e lórí Instagram kí wọ́n tó wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí Yorùbá rẹ̀ kò bá dán mọ́rán, ìran ọmọ tó ti òkè òkun dé ni wọ́n máa fi í ṣe títí, ipa kan náà tún nìyẹn. Owó ilẹ̀ òkèèrè náà kò dúró sójú kan. Oṣù kìíní 2024 ni Prime Video kéde pé òun kò náwó sí fíìmù tuntun nílẹ̀ Áfíríkà mọ́, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó wà lórí tábìlì ló sì dákẹ́.

Ní ti nọ́ọ̀sì gidi, iṣẹ́ ọlá ni, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fi gbọ́ bùkátà nígbà tó ń dúró de ọ́díṣọ̀n. Ọdún mẹ́ta ló gbà ní Ìlú Ọba, kò sì sí wọ́ọ̀dù tó máa jẹ́ kó sá jáde lọ́sàn-án torí pé éjẹ́ǹtì tó ń bá a wá iṣẹ́ eré pè é. Bó bá fẹ́ ẹ fún ara rẹ̀, kó lọ. Bó bá jẹ́ torí ìbẹ̀rù yín ni, yóò máa fi ojú méjèèjì wo fíìmù, yóò sì máa fi ojú kan wo aláìsàn. Ohun tí mo máa ní kó ṣe ni pé kó dúró ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún méjì sí i, kó wá iṣẹ́ ọwọ́ tó ṣeé tẹ̀ síwá sẹ́yìn, kíkọ́ àwọn ọmọ ní eré, kíka ìwé sínú ẹ̀rọ, kó kọ ipa Nọ́ọ̀sì Kejì tó bá ti ní owó iléegbèé lọ́wọ́, kó sì kọ eré tirẹ̀, ti èèyàn kan ṣoṣo. Michaela Coel, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ghana, ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ ní 2012, Chewing Gum Dreams, nígbà tó ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní iléèwé eré Guildhall. Ìtàgé kékeré kan ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ló gbé e lọ. Ní 2015 ó ti di eré tẹlifíṣàn. Nígbà tó wá fẹ́ ṣe I May Destroy You, Netflix fi mílíọ̀nù kan dọ́là lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́ torí wọn kò fẹ́ kó ní ìpín nínú ohun tó kọ. Ó gbé e fún BBC, ó sì gba Emmy òǹkọ̀wé ní 2021. Gbogbo èèyàn kọ́ ló lè kọ̀wé, mo mọ̀. Bí ọmọ yín kò bá lè kọ ọ́, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó jọ jáde níléèwé á lè kọ ọ́. Tí ọdún méjì bá pé, tí kò sí odidi èèyàn kan tó ti ṣe lórí ìtàgé kankan, tí àwọn tó ń yan òṣèré kò dá orúkọ rẹ̀ mọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nígbà náà ni kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ọjọ́ orí kọ́ ni kí ẹ máa kà.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ, èyí kò gùn. Kó má pa á tì. Nígbà tí Uzo Aduba wà lọ́mọdé ní Amẹ́ríkà, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n máa pe òun ní Zoe; ìyá ní bí àwọn èèyàn bá lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Tchaikovsky, wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Uzoamaka. Ọmọ náà ti gba Emmy ju ẹyọ kan lọ báyìí. Èmi náà ní ìdí tó jẹ́ ti ọ́fíìsì: Equity, ẹgbẹ́ òṣèré Ìlú Ọba, kì í jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì jẹ́ orúkọ kan náà, àwọn tó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó sì máa ń pàdánù tiwọn bí wọ́n bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn. Irú ìyọnu yẹn kò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí mo mọ̀.